Ìyá Aláǹkárá ń lọ sí Lomé: ìwé wo ni kó mú dání?

Àwọn àgbà ní abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó kù síbì kan: ta lèèyàn béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà ọjà lọ́wọ́ ọ̀mùtí, ilé ẹlẹ́mu ni yóò bá ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ ìwé afinimọ̀nà rí, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń júwe ìlú òkèèrè fún ẹni tí kò débẹ̀ rí. Ẹ̀yin ìyá ọjà, ẹ̀yin télọ̀, ẹ̀yin mẹkáníìkì àti fọkanáísà, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn ìyá kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, nítorí owó ogójì èèyàn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ń wá ìwé tí yóò mú rìnrìn-àjò.

Ọjà Òkè-Àjẹ ni ìyá náà ti ń ta aṣọ. Ìyá Aláǹkárá ni gbogbo ọjà ń pè é. Ìdúmọ̀tà àti Balógun l'Ékòó ló ti ń rajà láti ìgbà tó ti gba ìsọ̀ lọ́wọ́ ìyá tó bí i. Kò kọjá Àjàṣẹ́ rí láyé rẹ̀. Nígbà tó wá ku oṣù méjì kí Iléyá pé, ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ obìnrin kan gbé iṣẹ́ aṣọ Ojúde Ọba fún un. Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ń jó lọ síwájú ọba, bí aṣọ ẹnì kan bá yàtọ̀ sí ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, títí di ọdún tó ń bọ̀ ni wọn yóò fi máa sọ ọ́.

Obìnrin ogójì ló dá owó náà. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ aṣọ tó kún ọjà Èkó, kí ẹgbẹ́ mìíràn má baà ti rà á. Wọ́n ní Lomé ni ìyá yóò ti lọ ra tàwọn. Ìyá gba owó, ó dì í mọ́ra. Nígbà tó délé ni àyà rẹ̀ wá ń já.

Àǹtí Télọ̀, ẹni tí yóò rán aṣọ náà, yà sọ́dọ̀ rẹ̀ lálẹ́.

"Màmá, ṣé ẹ mọ Lomé ni?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹnu mi ni n óò fi béèrè."

"Ẹnu wo, Màmá? Faransé ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ o! Èmi náà á bá yín lọ, ṣùgbọ́n ẹ wá ìwé tó júwe ibẹ̀. Ọmọ yín á kà á fún wa ká tó gbéra."

Ìyá ní ó dáa. Bí ìwé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé nìyẹn.

ÌWÉ ÀGBÀLAGBÀ

Ọkùnrin kan wà tó máa ń tẹ́ ìwé àlòkù sílẹ̀ lẹ́bàá gáréèjì. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìyá ti ra ìwé kìíní. Ìwé gẹ̀ẹ́sì ni, ó nípọn bíi búrẹ́dì, ó sì júwe gbogbo ìlú tó wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Owó táṣẹ́rẹ́ ló fi rà á. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní ìwé tó nípọn tó báyìí, kí ni kò ní mọ̀?

Lálẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá jókòó, ó fẹ́ ṣí ojú ewé Lomé. Àǹtí Télọ̀ dá a dúró.

"Má tíì ka ti Lomé. Ta ló mọ Lomé nínú wa? Bó bá parọ́, ta ni yóò mú un? Ṣí ti Ìjẹ̀bú-Òde ná, ká gbọ́ ohun tó sọ nípa ìlú tiwa."

Ọgbọ́n ńlá lèyí o! Ẹ fi sápò. Bí télọ̀ bá ra téèpù tuntun, ohun tó ti mọ gígùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa fi dán an wò kó tó fi wọn aṣọ olówó. Ìwé náà rí bẹ́ẹ̀. Kéèyàn tó gbà á gbọ́ lórí ìlú tí kò mọ̀, kó kọ́kọ́ wo ohun tó sọ nípa ìlú tó mọ̀.

Ọmọ ṣí i. Ìwé ní Wẹ́sítàn Sìtéètì ni Ìjẹ̀bú-Òde wà. Ó ní pọ́n-ùn àti ṣílè ni owó Nàìjíríà. Ó ní apá òsì títì ni mọ́tò ń gbà. Nígbà tó dé ọ̀nà Kútọnu, Dahomey ló pe ilẹ̀ náà.

"Pọ́n-ùn kẹ̀?" Ìyá pariwo.

Àǹtí Télọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Màmá, ìwé yìí ṣe ẹ̀gbọ́n mi!"

Ojú ewé tó sọ ọdún tí wọ́n tẹ ìwé náà ti ya dànù, ṣùgbọ́n ìwé ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ọjọ́ orí rẹ̀. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni mọ́tò kúrò lápá òsì bọ́ sápá ọ̀tún ní Nàìjíríà. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni náírà rọ́pò pọ́n-ùn. Oṣù kọkànlá ọdún 1975 ni Dahomey di Benin. Oṣù kejì ọdún 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Ìwé tí kò mọ ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ti sùn ṣáájú ọdún 1972, kò sì tíì jí.

Ọ̀rọ̀ náà pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ewu ńbẹ nínú rẹ̀. Ní Gánà, oṣù kẹjọ ọdún 1974 ni àwọn náà yí mọ́tò sápá ọ̀tún. Ẹni tó bá ń fi irú ìwé yẹn sọdá títì ní Accra, ibi tí mọ́tò ò ti bọ̀ ni yóò máa wò. Ti owó tún wà níbẹ̀. Owó CFA tí wọ́n ń ná ní Benin àti Tógò, oṣù kìíní ọdún 1994 ni wọ́n já a sí ìlàjì: CFA 50 ni wọ́n ń fi gba owó Faransé kan tẹ́lẹ̀, ó di 100 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ní Gánà, oṣù keje ọdún 2007 ni wọ́n gé òdo mẹ́rin kúrò lára sídì, 10,000 àtijọ́ di 1 tuntun. Ọlọ́jà tó bá gbé ìṣirò ìwé àtijọ́ lọ sírú ọjà bẹ́ẹ̀, gbèsè ni yóò rù bọ̀ wálé.

Ìyá fẹ́ ju ìwé náà sẹ́yìnkùlé. Ọmọ rẹ̀ ní, "Màámi, ẹ má jù ú. Òkun ò ṣí kúrò níbi tó wà." Òótọ́ lọmọ sọ. Ìwé àtijọ́ ṣì mọ̀ pé béèyàn bá kúrò ní Kútọnu, Ouidah ni yóò kàn, kó tó kan Grand-Popo, kó tó wọ ilẹ̀ Tógò ní Hilla-Condji, kó kọjá ní Aného, kó tó dé Lomé. Lẹ́yìn ìwé náà sì ni wọ́n kọ bí wọ́n ṣe ń ka owó ní Faransé sí. Èdè kì í yí padà bí owó ṣe ń yí padà. Ọmọ da ojú ewé yẹn kọ sórí bébà kan. Ẹ fi bébà yẹn sọ́kàn o.

OJÚ TA NI WỌ́N FI WÒ Ó?

Ọjọ́ orí nìkan kọ́ lèèyàn ń wò lára ìwé. Ó tún yẹ kéèyàn mọ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún. Ìjẹ̀bú fúnra rẹ̀ mọ ìyà ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó ti wà nínú ìwé afinimọ̀nà láti bí 500 ọdún sẹ́yìn.

Ní nǹkan bí ọdún 1505 sí 1508, ọmọ Pọtogí kan tó ń jẹ́ Duarte Pacheco Pereira kọ ìwé kan tó pè ní Esmeraldo de Situ Orbis. Atukọ̀ ni. Ó kọ ọ́ kí àwọn ọkọ̀ ọba rẹ̀ lè mọ etíkun Áfíríkà: ibi tí odò ti ń wọ òkun, bí omi ṣe jìn tó, ohun tí wọ́n lè rà níbẹ̀. Nígbà tó dé apá ọ̀sà Èkó, ó ní ìlú ńlá kan wà lókè tí wọ́n ń pè ní Geebu, tí yàrà ńlá yí ká. Ìjẹ̀bú ló ń sọ. Ta ni kò sì mọ yàrà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú? Erédò Sùngbọ́ tó lọ yí ilẹ̀ náà ká gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà, ojú sì tún rí i dòní.

Bí èèyàn bá dúró síbẹ̀, yóò ní ìwé náà yege. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó tún kọ. Ó ní ọjà tí wọ́n lè rà níbẹ̀ ni ẹrú, ẹ̀gbà ọwọ́ idẹ 12 sí 15 fún ẹnì kan, àti eyín erin díẹ̀.

Ìwé náà ò parọ́ yàrà. Kò parọ́ ìlú. Ṣùgbọ́n ojú ẹni tó ń bọ̀ wá rajà ló fi wo Ìjẹ̀bú, ohun tí ẹni tó rán an níṣẹ́ ń wá ló sì rí. Ìyá tó ń hun aṣọ nínú ìlú lọ́jọ́ yẹn, ìwé ò mọ orúkọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló mọ̀, ó sì mọ̀ ọ́n ní iye ẹ̀gbà idẹ. Nítorí náà, ìwé lè má parọ́, kó má sì jẹ́ tìẹ.

ÌWÉ Ọ̀FẸ́

Ìwé kejì dé láti ọ̀dọ̀ àna Ìyá Aláǹkárá tó ti rìnrìn-àjò lọ sí Lomé. Hòtẹ́ẹ̀lì kan ni wọ́n ti fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé náà ń dán, àwòrán kún inú rẹ̀, ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ò sì tíì pẹ́. Ó dárúkọ ìsọ̀ aṣọ mẹ́fà, ó yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó dárúkọ hòtẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ, ó yin gbogbo wọn.

Àǹtí Télọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò títí. "Màmá, gbogbo ilé tó wà nínú ìwé yìí ló dáa? Kò síbì kan tí ẹ̀fọn ti ń jẹni? Kò síbì kan tí wọ́n ti ń dájà lé èèyàn?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ìwé tí kò bá ibì kankan wí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn tó ń yìn ló san owó rẹ̀.

Ẹ̀yin fọkanáísà, ìtàn yín rèé. Ìwé Michelin tí àwọn ilé oúnjẹ ń dù lágbàáyé kí orúkọ wọn lè wọ inú rẹ̀, àwọn tó ń ṣe táyà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan nílẹ̀ Faransé, André àti Édouard Michelin. Ọdún 1900 ni wọ́n tẹ àkọ́kọ́, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń pín in fún àwọn onímọ́tò. Wọ́n kọ ibi tí epo wà, ibi tí mẹkáníìkì wà, bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ táyà, ibi tí wọ́n ti lè jẹun kí wọ́n sì sùn. Kí ló dé tí wọ́n fi ṣe oore tó báyìí? Bí onímọ́tò bá ń rìn jìnnà, táyà rẹ̀ á máa jẹ. Bí táyà bá jẹ, yóò ra òmíràn. Ìwé náà wúlò, kò sẹ́ni tó lè jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fúnni níwèé lọ́fẹ̀ẹ́, kéèyàn béèrè ohun tó ń tà.

Ìyá ò ju ìwé ọ̀fẹ́ náà nù. Ó ya àwòrán ìlú Lomé tó wà nínú rẹ̀ yọ, nítorí ibi tí títì gbà kò sí nínú ohun tí wọ́n ń tà. Ìyìn tó kù, ó fi sílẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ gbé fóònù jáde. Ó ní ìwé wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ju gbogbo èyí lọ. Kò purọ́. Àwọn ìwé ìrìn-àjò tí òyìnbó kọ tó lórúkọ wà, bíi Lonely Planet tí tọkọtaya Wheeler dá sílẹ̀ lọ́dún 1973, àti Bradt tó tẹ ìwé kan lórí Nàìjíríà lọ́dún 2005. Wọ́n mọ iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún ni ẹni tó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, tó fẹ́ wòran, tó fẹ́ mọ ibi tí bẹ́ẹ̀dì ti pọ́ọ́kú. Wọn ò kọ ọ́ fún ìyá tó gbé owó ogójì obìnrin dání, tó ń wá aṣọ kan náà lọ́nà ogójì. Ohun tó wà lórí fóònù náà, ìdánwò kan náà ni kéèyàn fi dán an wò: ìgbà wo ni wọ́n kọ ọ́, ta ló kọ ọ́, ta ni wọ́n kọ ọ́ fún?

ÌWÉ ÀLÀÁJÀ

Ọjọ́ kẹta ni Àǹtí Télọ̀ rántí Àlàájà kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí aṣọ. Òun ni gbogbo ọjà mọ̀ sí ẹni tó ń lọ Lomé nígbà tí ara ṣì le. Àwọn méjèèjì lọ bá a nílé, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n sọ tẹnu wọn.

Àlàájà wọ yàrá lọ, ó gbé ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kan jáde tí èèpo rẹ̀ ti gbó. Ọmọ rẹ̀ ló ń bá a kọ ọ́ nígbà náà, ní Yorùbá. Ọjọ́ wà lórí gbogbo ojú ewé. Kò sí àwòrán kankan nínú rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ rèé: ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀, ilé Yorùbá tí wọ́n ti lè sùn ní Lomé, obìnrin aláṣọ tó máa ń gé iye yáàdì tó bá dá lóhùn, àti èyí tí kì í pé yáàdì.

"Kí ẹ tó wo aṣọ, ẹ wo ìwé ara yín ná," Àlàájà wí. "Ìyá mi ń tajà ní Kùmásí nígbà tí wọ́n lé wa. Ọmọdé ni mí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún ẹni tí kò níwèé. Ẹni tó jẹ wá lówó ò san, ẹni tó bá wa rajà sọ pé òun ò mọ̀ wá mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, n kì í fẹsẹ̀ kúrò nílé láìní ìwé lọ́wọ́."

Oṣù kọkànlá ọdún 1969 lọ̀rọ̀ tí Àlàájà sọ yẹn, nígbà tí ìjọba Busia ní Gánà ní kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù rẹ̀. Yorùbá tó bá a lọ ò kéré. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, nínú oṣù karùn-ún ọdún 1979, ECOWAS ṣe àdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú ẹgbẹ́ lè wọ òmíràn láìgba físà, kó lo ọjọ́ 90. Ṣùgbọ́n àdéhùn náà sọ pé kó ní ìwé ìrìnnà tó ṣì lágbára, bíi pásípọ́ọ̀tì, àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹni tí kò ní in, kò lè fi ẹnu lásán gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní bọ́dà.

Irú ìwé tí Àlàájà kọ yìí kì í ṣe ohun kékeré. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí òfin àti àṣà ń lé aláwọ̀ dúdú jáde ní hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ, asínwèé-ránṣẹ́ ìjọba kan ní Harlem ní New York, Victor Hugo Green, tó ń pín lẹ́tà káàkiri, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé kan jáde lọ́dún 1936. Green Book ni wọ́n ń pè é. Kò kọ ọ́ láti fi wòran. Ibi tí dúdú ti lè sùn, ibi tí wọ́n ti lè ta epo fún un, ibi tí wọ́n ti lè gé irun rẹ̀, ibi tí télọ̀ ti lè gba aṣọ rẹ̀ láìlé e, òun ló kọ síbẹ̀. Àwọn tó ń lo ìwé náà ló ń kọ̀wé padà láti sọ ibi tó dáa. Green fúnra rẹ̀ ń retí ọjọ́ tí ìwé náà kò ní wúlò mọ́. Ọdún 1964 ni òfin dé tó fòpin sí ìlélé yẹn, ìwé náà sì dáwọ́ dúró ní nǹkan bí ọdún 1967. Ẹni tó mọ ìyà tó lè jẹ ọ́ lọ́nà ló kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ìyá Aláǹkárá nawọ́ gba ìwé Àlàájà, ó fẹ́ dìde. Àlàájà fà á padà.

"Jókòó, ọmọ mi. Ìwé tèmi náà ti darúgbó. Ọdún 2011 ni mo lọ kẹ́yìn. Ilé alájà tí mo kọ síbẹ̀ pé kí ẹ wọ̀ ní Assigamé, ó ti jóná."

Bẹ́ẹ̀ ni o. Oṣù kìíní ọdún 2013 ni iná jó ilé ńlá ọjà Lomé náà, níbi tí àwọn ìyá aláṣọ tí wọ́n ń pè ní Nana Benz ti lókìkí. Ọjà ò kú, àwọn ọlọ́jà ń tà káàkiri àdúgbò náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá ilé tó wà nínú ìwé ọdún 2011 yóò rìn títí.

Ẹ wo Àlàájà dáadáa. Ìwé ọ̀fẹ́ tó ń dán ò sọ àléébù kan. Òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ tọ́ka sí ibi tí tirẹ̀ kù sí. Ìgbà yẹn ni ọkàn Àǹtí Télọ̀ wá balẹ̀.

Àlàájà pe nọ́ńbà Yorùbá kan tó ṣì ń gbé ní Lomé, ó fi wọ́n lé e lọ́wọ́. Ó tún kìlọ̀ pé kí wọ́n lọ béèrè lọ́fíìsì kọ́sítọ́ọ̀mù kí wọ́n tó san kọ́bọ̀ lórí aṣọ: èwo ni òfin gbà kó wọlé, èló ni owó orí rẹ̀? "Èyí ò sí nínú ìwé kankan," ó ní. "Wọ́n ń yí i padà ṣáá. Ẹnu ẹni tó wà nídìí rẹ̀ lónìí ni kí ẹ ti gbọ́ ọ." Ìyá lọ béèrè, ó sì ṣírò owó orí mọ́ iye aṣọ kó tó gbéra.

LỌ́JÀ LOMÉ

Ìdájí ni wọ́n kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n gba Èkó, wọ́n kọjá bọ́dà Sèmè, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí pásípọ́ọ̀tì, wọ́n kọjá ní Kútọnu. Ní Hilla-Condji, Ìyá wo aago rẹ̀, ó ní ilẹ̀ ti ń ṣú. Àǹtí Télọ̀ ní, "Ẹ dá a padà ní wákàtí kan, Màmá. Àlàájà kọ ọ́ síbẹ̀." Òótọ́ ni, aago Tógò fi wákàtí kan wà lẹ́yìn ti Benin àti Nàìjíríà.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kọ́kọ́ yọjú sí ọ̀kan nínú ìsọ̀ tí ìwé ọ̀fẹ́ yìn. Ilé náà tutù, aṣọ ibẹ̀ dáa, owó rẹ̀ ga. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n jáde. Yorùbá tó ń mú wọn kiri mú wọn dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí àwọ̀ aṣọ rẹ̀ bá ọkàn Ìyá mu, ló bá lọ kírun, ó ní òun ń bọ̀.

Ìyá fọwọ́ kan ìdì aṣọ kan. Ó bi í, "Combien?" Àlàájà ti kọ́ ọ pé bí wọ́n ṣe ń béèrè iye owó nìyẹn.

Obìnrin náà ní, "Quatre-vingt mille."

Àǹtí Télọ̀ gbọ́ quatre, ó mọ̀ pé mẹ́rin ni. Ó gbọ́ vingt, ó mọ̀ pé ogún ni. Mille, ẹgbẹ̀rún. Ó sọ fún Ìyá kẹ́lẹ́ pé, "Màmá, 24,000 ni. Ó pọ́ọ́kú!"

Inú Ìyá dùn. Ìdì mẹ́rin ló ń wá. Ó ti na ìka mẹ́rin sókè, ó ti mi orí, obìnrin náà ti ń sọ aṣọ kalẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ kó máa dì í. Ìgbà náà ni Ìyá, tó ti jẹ́ ọlọ́jà láti kékeré, bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló dé tí aṣọ yìí fi pọ́ọ́kú tó báyìí?

"Mú bébà yẹn wá," ó ní.

Bébà tí ọmọ rẹ̀ dà kọ láti inú ìwé àgbàlagbà ni. Wọ́n wá a títí. Ibẹ̀ ló wà: quatre-vingts, 80. Faransé ń ka ọgọ́rin bí Yorùbá ṣe ń kà á gan-an! Ọgọ́rin, ogún mẹ́rin. Quatre-vingts, ogún mẹ́rin. Obìnrin náà ò tan ẹnikẹ́ni jẹ, 80,000 ló pè é láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti di ìdì mẹ́rin náà tán, ohun tí wọ́n rò pé ó jẹ́ 96,000 ni yóò di 320,000, ìjà ni yóò sì dá sílẹ̀ láàárín ọjà ìlú onílùú.

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó tọrọ àforíjì, ó jókòó. Ọ̀rọ̀ wá di ìnájà, iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tí Yorùbá yẹn fi máa dé, wọ́n ti ń kọ iye owó fún ara wọn lórí bébà kan náà. Owó tó bọ́ sí, ó wà láàárín ohun tí obìnrin ogójì dá. Wọ́n ka aṣọ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wọn yáàdì rẹ̀, wọ́n gba rìsíìtì fún kọ́sítọ́ọ̀mù.

Wọ́n dé Ìjẹ̀bú-Òde láyọ̀. Nígbà tí Ojúde Ọba fi pé, aṣọ ogójì rí bákan náà.

OHUN TÓ KÙ

Ẹ̀yin tó ń gbèrò àtilọ sí Lomé, Lọ́ńdọ̀nù, Mẹ́kà tàbí Jerúsálẹ́mù, ẹ mú ìbéèrè márùn-ún dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ìwé. Kí ni ìwé yìí sọ nípa ìlú tí mo mọ̀? Ọdún wo ni wọ́n kọ ọ́? Ta ni wọ́n kọ ọ́ fún, ṣé irú mi ni? Ta ló sanwó rẹ̀? Ǹjẹ́ ó sọ ohun kan tí kò dáa? Ìwé tó bá yege nínú márààrún ò wọ́pọ̀. Ẹ gba títì àti èdè lọ́wọ́ ìwé. Owó àti òfin, ẹ béèrè wọn lónìí lọ́wọ́ ẹni tó wà nídìí rẹ̀.

Ní ti Ìyá Aláǹkárá, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé Iléyá ló ra ìwé akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Ọmọ rẹ̀ jókòó tì í, ó ń kọ. Ó kọ́kọ́ kọ ọjọ́ sókè. Lẹ́yìn náà ni ìyá ní kó kọ àṣìṣe ọgọ́rin yẹn síwájú gbogbo ohun mìíràn.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀," ọmọ wí. "Wọn yóò fi yín rẹ́rìn-ín."

"Kọ ọ́," Ìyá dáhùn. "Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín kò ní ṣe irú ẹ̀."